Àwọn Tó Yá Ìwé Yìí Tún Yá Ìyẹn: Ohun Tí Huddersfield Fi Àkọsílẹ̀ Ìwé-Yíyá Ṣe

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, ilé-ìkàwé Yunifásítì Huddersfield ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ohun kan síta tí ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé máa ń tì mọ́ kọ́lọ́fín: àkọsílẹ̀ ìwé-yíyá wọn. Àkọlé ìwé tó lé ní 80,000 ló wà nínú rẹ̀. Inú ìwé-yíyá tí kò fi púpọ̀ dín sí mílíọ̀nù mẹ́ta, tó ti ń kóra jọ fún ọdún 13, ni wọ́n ti fà á yọ. Láísẹ́ǹsì Open Data Commons ni wọ́n fi gbé e jáde, ìyẹn ni pé ẹni tó bá wù lè kó o, kó tún un tò, kó tà á pàápàá, láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Huddersfield kì í ṣe Oxford. Ìlú àwọn ahunṣọ ni látijọ́, ní West Yorkshire, pólì sì ni ilé-ẹ̀kọ́ náà kó tó di yunifásítì ní ọdún 1992. Mo sọ èyí nítorí pé tí wọ́n bá ti dárúkọ ẹ̀rọ tó ń dábàá ìwé fún òǹkàwé, Amazon ló máa ń wá sí wa lọ́kàn, àti àwọn ilé-iṣẹ́ tí owó wọn kò lóǹkà. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ rò níhìn-ín, ìyẹn fífi àkọsílẹ̀ ìwé-yíyá dábàá ìwé fún òǹkàwé, kò gba irú owó bẹ́ẹ̀. Dave Pattern, tó ń bójú tó ètò kọ̀ǹpútà ilé-ìkàwé náà, ló ṣe é, dátà tó fi ṣe é sì ti wà nílẹ̀ tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí i bí ohun tó wúlò.

Ohun tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé ìwé wá sídìí tábìlì ìwé-yíyá, òṣìṣẹ́ á fi ẹ̀rọ ka káàdì rẹ̀, á tún fi ka bákóòdù tó wà lára ìwé. Kọ̀ǹpútà á kọ ìlà kan sílẹ̀: nọ́ńbà ẹni tó yá a, nọ́ńbà ẹ̀dà ìwé náà, ọjọ́ tó gbé e, ọjọ́ tó yẹ kó dá a padà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ ìlà yẹn: ọwọ́ ta ni ìwé yìí wà? Ọjọ́ tí ìwé bá padà sórí pẹpẹ ni ìbéèrè náà tán. Ìlà ní tirẹ̀ kì í parẹ́ bí kò bá sẹ́ni tó pa á rẹ́, Huddersfield kò sì pa tiwọn rẹ́ láti àárín àwọn ọdún 1990.

Kátálọ́ọ̀gì kò mọ nǹkankan nípa àwọn ìlà wọ̀nyí. Ohun tó mọ̀ ni ohun tí òṣìṣẹ́ tó to ìwé sọ fún un: òǹkọ̀wé, àkọlé, kókó-ọ̀rọ̀, nọ́ńbà pẹpẹ. Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tó wà ní ọdún àṣekágbá, tó ń múra iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀. Nínú ètò Dewey, tí ilé-ìkàwé fi ń fún ìwé ní nọ́ńbà pẹpẹ, ìwé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wà ní 610.73, ti statistíìkì wà ní 519.5, ti ọ̀nà ìwádìí lè wà ní 001.42. Ibi mẹ́ta tó jìnnà síra ni, ó lè má jẹ́ àjà ilé kan náà. Kò sí àṣìṣe nínú ètò yẹn. Ẹ̀ka ìmọ̀ ló ń tò. Kò mọ iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ wá ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn nọ́ọ̀sì tó ṣáájú rẹ̀ ti yá ìwé láti ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì wà nínú àkọsílẹ̀.

Ní ọdún 2003, àwọn ẹnjiníà Amazon mẹ́ta, Greg Linden, Brent Smith àti Jeremy York, tẹ àlàyé kan jáde lórí bí ilé-iṣẹ́ wọn ṣe ń dábàá ọjà. Kókó rẹ̀ ni pé wọn kì í wá oníbàárà tó jọ oníbàárà. Ọjà tó ń bá ọjà rìn ni wọ́n ń wá, wọ́n á ti ṣe ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọlé rajà. Lójú tèmi, ilé-ìkàwé yunifásítì gan-an ni ọ̀nà yìí bá mu jù. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í pẹ́ lọ, ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ń lò. Ìwé ló ń jókòó. Bí a bá sọ pé a fẹ́ mọ irú ẹni tí òǹkàwé kọ̀ọ̀kan jẹ́, kí a tó mọ̀ ọ́n tán, ó ti gba ìwé-ẹ̀rí. Àmọ́ bí ìwé méjì bá ti ń jọ jáde láti ọdún dé ọdún, lọ́wọ́ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tẹ̀lé òmíràn, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

Horizon, ti ilé-iṣẹ́ SirsiDynix, ni sọ́fítíwíà tí Huddersfield ń lò nígbà náà. Kò ní irú nǹkan báyìí nínú. Nǹkan bí ọdún 2005 sí 2006 ni Pattern fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ó mọ́ ojú-ewé kátálọ́ọ̀gì, tó fi jẹ́ pé bí ènìyàn bá ṣí àkọsílẹ̀ ìwé kan, á rí i nísàlẹ̀ pé àwọn tó yá èyí tún yá báyìí báyìí.

Ìṣirò náà

Ibí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ máa ń gbà ṣubú.

A ní ìwé kan, ẹ jẹ́ ká pè é ní A. A ó kó gbogbo ẹni tó ti yá a rí jọ. A ó wá wo gbogbo ìwé mìíràn tí àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn yá. Fún ìwé kọ̀ọ̀kan, a ó ka iye ènìyàn tó yá òun àti A pọ̀. Iye ènìyàn ni a ń kà, a kì í ka iye ìgbà: ẹni tó tún ìwé kan yá lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹyọ kan ṣì ni.

Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yẹn á rí nǹkan yẹpẹrẹ. Ká sọ pé ìwé lórí ìtọ́jú ojú ọgbẹ́ ni A, tí ènìyàn 120 sì ti yá a. Èmi ni mo gbé òǹkà wọ̀nyí kalẹ̀ fún àlàyé, wọn kì í ṣe ti Huddersfield. Ìwé B ń kọ́ni bí a ṣe ń kọ àròkọ ní yunifásítì, 60 nínú àwọn 120 yẹn ló yá a. Ìwé C dá lórí àrùn awọ ara, 36 nínú wọn ló yá a. Bí a bá fi iye lásán tò wọ́n, B ló máa ṣáájú. Bẹ́ẹ̀ gbogbo yunifásítì ló ń yá B. Ẹni tó ra ẹ̀fọ́ lọ́jà ra iyọ̀, ẹni tó ra ẹ̀wà náà rà á, ẹni tó ra ẹran náà rà á. Iyọ̀ kò sọ nǹkankan fún wa nípa ẹ̀fọ́. Àbá tó máa ń gbé B síwájú nísàlẹ̀ gbogbo ìwé kì í pẹ́ sú ènìyàn, ojú òǹkàwé á kàn máa fò ó.

Ohun tí Pattern ṣe ni pé ó pín in. Iye ènìyàn tó yá ìwé méjèèjì, ó fi gbogbo iye ènìyàn tó ti yá ìwé kejì pín in. Bí ènìyàn 3,000 bá ti yá B, 60 nínú 3,000 jẹ́ ìdá 2 péré nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ènìyàn 90 bá ti yá C, 36 nínú 90 jẹ́ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. C gòkè, B sì lọ sísàlẹ̀.

Pípín náà ní àlébù tirẹ̀. Ìwé D kan wà tí ẹnì kan ṣoṣo ti yá látọjọ́ tí wọ́n ti rà á, ẹni yẹn sì wà nínú àwọn 120. Ọ̀kan nínú ọ̀kan: 100 nínú ọgọ́rùn-ún! D á fò kọjá C, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ ìwé ẹja pípa tí nọ́ọ̀sì kan yá fún bàbá rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìṣirò náà fi ní ààlà kan: ìwé tí iye ènìyàn tó yá a pẹ̀lú A kò bá tó báyìí, kí wọ́n má kà á rárá. Mélòó ni kó jẹ́? Kò sí ìwé kan tó lè dá ènìyàn lóhùn. Ilé-ìkàwé tí ìwé ń jáde níbẹ̀ dáadáa lè gbé e sókè. Èyí tí òǹkàwé rẹ̀ kò pọ̀, bó bá gbé e sókè bẹ́ẹ̀, àbá kò ní sí lábẹ́ ìwé kankan. Àfi kí ènìyàn gbé àbájáde rẹ̀ síwájú àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ ìwé, kó bi wọ́n pé ṣé èyí dùn ún gbọ́.

Àwọn nǹkan kéékèèké mìíràn wà tí kì í sí nínú àlàyé àwọn onímọ̀, tí ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ nídìí tábìlì á sì mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn nìkan ló ní káàdì nílé-ìkàwé. Àkáǹtì wà tí wọ́n fi ń yá ìwé tó lọ fún àtúnṣe, òmíràn wà fún ìwé tí wọ́n kó lọ síbi àfihàn, òmíràn fún ìwé tí ilé-ìkàwé mìíràn yá. Lójú kọ̀ǹpútà, òǹkàwé kan tó lágbára ni irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀, ó ti yá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé tí kò bá ara wọn tan. Bí a kò bá yọ wọ́n kúrò, wọ́n á so ìwé òfin mọ́ ìwé ìdáná.

Ọ̀rọ̀ àtúntẹ̀ náà tún wà. Ìwé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti tẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún ní ISBN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé) márùn-ún àti àkọsílẹ̀ kátálọ́ọ̀gì márùn-ún. Àwọn tó yá ẹ̀dà kẹta ní ọdún 1999 àti àwọn tó yá ẹ̀dà karùn-ún ní ọdún 2007, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, àmọ́ ìṣirò pín wọn sọ́tọ̀. Ìgbà yẹn ni OCLC, àjọ àwọn ilé-ìkàwé, ní iṣẹ́ tó ń jẹ́ xISBN, LibraryThing, ìkànnì àwọn olùfẹ́ ìwé, sì ní thingISBN, méjèèjì ni ènìyàn lè fún ní ISBN kan kí wọ́n dá ti àtúntẹ̀ yòókù padà. Pattern lo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú kátálọ́ọ̀gì rẹ̀ láti fi àtúntẹ̀ mìíràn han òǹkàwé.

Ohun tó yí padà, àti ohun tí mi ò gbà tán

Lẹ́yìn tí àbá náà ti dé, iye àkọlé tó ń jáde lọ́dún ní Huddersfield gbòòrò sí i: ìwé tó ti ń gbé pẹpẹ láìrí ẹni fọwọ́ kàn án bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Èyí ló wú àwọn ènìyàn lórí jù, nítorí pé ẹ̀rù tó ń bani pẹ̀lú àbá ni pé á máa ti gbogbo ènìyàn sọ́dọ̀ ìwé mélòó kan tó ti gbajúmọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìṣirò tó ń fìyà jẹ ìwé tí gbogbo ayé ń yá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, mi ò ní gbé gbogbo iyì náà fún àbá. Ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn ni Pattern ń yí padà nínú kátálọ́ọ̀gì náà lásìkò kan náà, kò sì sí ilé-ìkàwé kejì tó wà láìsí àbá tí a lè fi wé e.

Ibi tí mo ti ń ṣiyèméjì nìyí. Púpọ̀ nínú ìwé tó ń jọ jáde ní yunifásítì, olùkọ́ ló so wọ́n pọ̀. Ó fún kíláàsì ní ìwé mẹ́jọ láti kà, kíláàsì yá mẹ́jọ, ìṣirò sì kéde pé ó rí ìbátan láàárín mẹ́jọ. Àbá irú èyí kò ju pé ó ka ohun tí olùkọ́ kọ padà sí etí akẹ́kọ̀ọ́. Ó wúlò fún ẹni tó sọ ìwé tí olùkọ́ fún un nù, bóyá. Ibi tí àbá ti ń sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ ni ibi tí ẹ̀kọ́ méjì ti pàdé: akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ afẹ́nifẹ́re tó lọ yá ìwé òfin ọmọdé, ti ayàwòrán aṣọ tó lọ yá ìwé kẹ́mísírì aró. Dátà tí wọ́n gbé jáde ní 2008 fi ẹ̀kọ́ tí àwọn tó yá ìwé ń kọ́ àti ọdún tí wọ́n yá a hàn, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ lè wá ibi ìpàdé wọ̀nyẹn. Ìyẹn ni èmi ì bá kọ́kọ́ wò.

Ìwé tuntun kò ní àbá, nítorí pé kò sẹ́ni tó ti yá a. Ìwé tí kò gbọ́dọ̀ jáde kò ní. Ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì kò kọjá nídìí tábìlì, nítorí náà kò sí nínú àkọsílẹ̀ yìí rárá. Bó sì ṣe ń pọ̀ sí i láti ọdún dé ọdún ni apá tí ìwé-yíyá ń rí ń kéré sí i.

Àwọn ará Karlsruhe gba ọ̀nà mìíràn

Ní Jámánì, Yunifásítì Karlsruhe ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣáájú Huddersfield. BibTip ni wọ́n ń pe ètò wọn, Andreas Geyer-Schulz àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ló wà nídìí ìmọ̀ rẹ̀, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ nínú kátálọ́ọ̀gì wọn láti nǹkan bí ọdún 2002. Wọn kò fọwọ́ kan ìwé-yíyá rárá. Ohun tí wọ́n ń wò ni ìwé tí ènìyàn ṣí àkọsílẹ̀ wọn wò lẹ́ẹ̀kan náà tó jókòó sídìí kátálọ́ọ̀gì. Bí ènìyàn bá ṣí A, tó tún ṣí C kó tó kúrò níbẹ̀, a ti rí wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kò sí káàdì, kò sí orúkọ, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó jókòó síbẹ̀.

Wàhálà ọ̀nà yìí ni pé ojú ènìyàn a máa rìn. A máa ń ṣí ohun tí a kò fẹ́, a máa ń ṣí i tí a bá ti ṣi àkọlé kà. Bí wọ́n ṣe ya òtítọ́ kúrò lára ìrìn ojú lásán ló wù mí jù nínú iṣẹ́ náà. Wọ́n lọ yá ọgbọ́n kan lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò. Andrew Ehrenberg, tó lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí bí àwọn ará ilé ṣe ń ra ọṣẹ àti oúnjẹ inú agolo léraléra, ti fi hàn pé bí ríra náà bá jẹ́ ti àkọsẹ̀bá, iye rẹ̀ máa ń tẹ̀lé ìlà ìṣirò kan tí a lè mọ̀ ṣáájú. Àwọn ará Karlsruhe fa ìlà yẹn fún ìwé kọ̀ọ̀kan. Ìwé tí wọ́n bá rí pẹ̀lú A kọjá bí àkọsẹ̀bá ṣe lè gbé e pàdé rẹ̀, òun ni wọ́n ń dábàá. Iyọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò lè rí ọ̀nà gbà níbẹ̀.

Nítorí pé ojú-ewé ni wọ́n ń ṣọ́, wọn kò bìkítà irú sọ́fítíwíà tí ilé-ìkàwé ń lò. Kóòdù JavaScript díẹ̀ nínú ojú-ewé kátálọ́ọ̀gì ti tó. Ilé-ìkàwé tó pọ̀ ní Jámánì ló gba BibTip, ó sì di ilé-iṣẹ́ tó dá dúró lẹ́yìn náà.

Ọ̀rọ̀ àṣírí

Bí a bá bi mí pé kí ló le jù nínú gbogbo ohun tí Huddersfield ṣe, mi ò ní sọ pé ìṣirò. Dátà gbígbé síta ni.

Ìwé tí ènìyàn ń kà jẹ́ ohun tó lè pa á lára. Ẹni tó ń yá ìwé lórí àrùn kan, tàbí lórí bí obìnrin ṣe ń kúrò nílé ọkọ tó ń lù ú, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí òfin USA PATRIOT Act jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2001, tí ẹ̀ka 215 rẹ̀ fún FBI lágbára láti béèrè àkọsílẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé yí ètò wọn padà kí ìlà ìwé-yíyá lè parẹ́ ní kété tí ìwé bá ti padà dé. Wọ́n ní ohun tí kò sí, kò sẹ́ni tó lè gbà á. Mi ò lè bá wọn jà. Àmọ́ ilé-ìkàwé tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ láìkọ́kọ́ ṣe ìṣirò kankan ti jù àbá nù pẹ̀lú orúkọ.

Gbogbo ènìyàn tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ní 2008 ṣì rántí ohun tó ṣe AOL, ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2006. Ilé-iṣẹ́ náà gbé ọ̀rọ̀ tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì síta fún àwọn olùwádìí, nǹkan bí 20 mílíọ̀nù, ti nǹkan bí 650,000 ènìyàn. Wọ́n yọ orúkọ, wọ́n fi nọ́ńbà rọ́pò rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn akọ̀ròyìn New York Times ti wá obìnrin kan kàn dé ilé rẹ̀ láti ara ohun tó ń wá. Nọ́ńbà kò fi í pa mọ́, nítorí pé gbogbo ohun tó béèrè ṣì so mọ́ ara wọn lábẹ́ nọ́ńbà kan náà.

Huddersfield kò gbé irú ìlà bẹ́ẹ̀ jáde. Nínú ohun tí wọ́n fi síta, kò sí òǹkàwé kankan, ì báà ṣe lábẹ́ orúkọ, ì báà ṣe lábẹ́ nọ́ńbà. Ìwé ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú iye ìgbà tí wọ́n yá a lọ́dún àti ẹ̀kọ́ tó yá a. Àti ìwé pẹ̀lú ìwé tí wọ́n jọ ń jáde. Ìgbésí ayé akẹ́kọ̀ọ́ kan ti di ẹyọ kan nínú òǹkà ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè tú u padà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn àti AOL nìyẹn, èmi sì rí i gẹ́gẹ́ bí ohun tó ga ju láísẹ́ǹsì lọ.

Ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta péré ń kọ́ kì í fi ẹnikẹ́ni pa mọ́: bí a bá sọ pé ẹ̀kọ́ náà yá ìwé kan lórí oògùn olóró, kíláàsì á mọ ẹni tó jẹ́. Ààlà tí mo sọ nínú ìṣirò wá ń ṣe iṣẹ́ méjì. Ó ń yọ ìwé ẹja pípa, ó sì ń bo ènìyàn láṣírí.

Àwọn tó gba dátà náà

JISC, àjọ tó ń náwó sí ètò kọ̀ǹpútà ní àwọn yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀lé e kíákíá. Iṣẹ́ MOSAIC ní ọdún 2009 pe àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà láti wá fi dátà Huddersfield díje. Ní 2011, Mimas, ibùdó dátà ní Yunifásítì Manchester, àti ilé-ìkàwé John Rylands níbẹ̀ ṣe iṣẹ́ SALT: wọ́n gbé ọ̀nà Pattern lọ sórí ìwé-yíyá ọdún mẹ́wàá. Ìbéèrè tiwọn dá yàtọ̀. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá olùwádìí ìtàn tàbí lítíréṣọ̀, tí ìwé tó ń wá kì í jáde ju ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọdún mélòó kan, lè rí nǹkan gbà níbẹ̀. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ààlà gíga ló ń bà á jẹ́: gbogbo ìwé tó wúlò fún un wà nísàlẹ̀ ààlà. Wọ́n dán ààlà kékeré wò lọ́dọ̀ àwọn olùwádìí, wọ́n sì rí i pé wọ́n lè fara da àbá kan tí kò bá a mu bí ìkejì bá jẹ́ ìwé tí wọn kò mọ̀ rí. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní kò ní irú sùúrù yẹn.

Ní 2011 kan náà, Huddersfield ṣáájú yunifásítì mẹ́jọ láti wo akẹ́kọ̀ọ́ 33,074, bóyá ìlò ilé-ìkàwé bá èsì ìdánwò àṣekágbá wọn rìn. Ìwé-yíyá àti ìlò ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì bá a rìn. Wíwọ ẹnu ọ̀nà ilé-ìkàwé lásán kò bá a rìn. Wọ́n ṣọ́ra láti má sọ pé ìwé-yíyá ló fa èsì rere, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ tiwa

Ọ̀pọ̀ yunifásítì ní Nàìjíríà ló ń lo Koha báyìí, sọ́fítíwíà ilé-ìkàwé tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tó ti New Zealand wá. Ìdí nìyí tí mo fi ro ìtàn yìí gùn: ohun tí Pattern ní nílẹ̀, a ní i. Bí ìwé bá padà dé, Koha a máa kó ìlà rẹ̀ kúrò nínú tábìlì `issues` lọ sí `old_issues`. Ẹ̀dà ìwé ló wà níbẹ̀, kì í ṣe àkọlé, nítorí náà a ní láti gba inú tábìlì `items` kọjá kí ẹ̀dà márùn-ún ìwé kan tó di àkọlé kan; ti ẹ̀dà tí wọ́n ti yọ kúrò wà nínú `deleteditems`. Lẹ́yìn ìyẹn, kí a so tábìlì náà mọ́ ara rẹ̀ lórí nọ́ńbà òǹkàwé, kí a kà, kí a pín, kí a fi ààlà sí i. Kọ̀ǹpútà kan tó wà ní ọ́fíìsì lè ṣe é mọ́jú.

Ohun tó yàtọ̀ lọ́dọ̀ wa ni pé akẹ́kọ̀ọ́ wa ń ka ìwé púpọ̀ nínú ilé-ìkàwé láìgbé e jáde, pàápàá ìwé tí ẹ̀dà rẹ̀ kò pọ̀. Koha ní ọ̀nà tí a fi lè ka irú ìlò bẹ́ẹ̀, àmọ́ kì í mọ ẹni tó kà á, nítorí náà kò lè so ìwé mọ́ ìwé. Fún ilé-ìkàwé bẹ́ẹ̀, ọ̀nà Karlsruhe lè sàn ju ti Huddersfield lọ, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń lo kátálọ́ọ̀gì.

Òfin ààbò dátà ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2023, Koha fúnra rẹ̀ sì ní ètò tó ń yọ nọ́ńbà òǹkàwé kúrò lára ìlà àtijọ́. Tí wọ́n bá ti tan án, ìlà á ṣì wà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó so A mọ́ C mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ àbá gbọ́dọ̀ ka ìwé méjì-méjì rẹ̀ kí ètò yẹn tó kọjá lórí wọn, kí ó sì fi òǹkà yẹn pa mọ́ sínú tábìlì tí kò ní òǹkàwé kankan. Kò sì yẹ kí ètò náà máa ṣiṣẹ́ lóṣooṣù, nítorí pé ẹni tó yá A ní ọdún kejì lè má yá C títí di ọdún kẹrin. Bí ìlà bá lo ọdún tí akẹ́kọ̀ọ́ máa lò lẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó yọ nọ́ńbà kúrò lára rẹ̀, ó tó.